Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́: ẹ má jẹ́ kí June 12 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lásán

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín.

Olùkọ́ Ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba ni ọwọ́ tí a fi ń mú ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ní àwọn ilé-ìwé tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà, òun náà ni ìsinmi. A ó ti ilé-ìwé, àwọn aláṣẹ yóò ka ọ̀rọ̀ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí a bá sì padà dé kíláàsì, kò sí ẹni tí yóò bi ọmọ kankan léèrè ohun tí a tìtorí rẹ̀ ti ilé-ìwé. Nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, àwọn kan rò pé Abíọ́lá ti ṣe Ààrẹ rí, àwọn mìíràn sì rò pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni a ń ṣe. Àwọn ọmọ kọ́ ni mo wá fẹjọ́ wọn sùn. Ẹjọ́ àwa àgbà ni, ẹ̀yin tí ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ yín sì ni mo gbé e wá bá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ ní kókó kọ̀ọ̀kan.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà tóbi ju ìtàn ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde láti dìbò yan Ààrẹ, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti ń ṣèjọba láti ìparí ọdún 1983. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbà láàyè: SDP, tí Olóyè Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá ń díje lábẹ́ àsíá rẹ̀, àti NRC, tí Alhaji Bashir Tofa jẹ́ olùdíje tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá pàṣẹ lálẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò pé kí wọ́n má dì í, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò, kò dáwọ́ dúró. Ibi tí wọ́n ti dìbò ni wọ́n ti kà á, lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni Babagana Kingibe tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ àìlóǹkà Krìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Ọmọ Kánò ni Tofa, síbẹ̀ Abíọ́lá ló jáwé olúborí ní Kánò. Ìbò tó bọ́ sápò Abíọ́lá lé ní mílíọ̀nù 8. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba ológun wọ́gi lé gbogbo rẹ̀.

Bí ọmọ ilé-ìwé bá tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa èyí, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé wọ́n rẹ́ ọlọ́rọ̀ Yorùbá kan jẹ. Òótọ́ ni pé wọ́n jẹ Abíọ́lá níyà kọjá ààlà. Ó kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, wọ́n mú un ní ọjọ́ 23 oṣù náà, inú àhámọ́ ló sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Kudirat, ìyàwó rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ohùn ìjà náà kú nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, ni wọ́n yìnbọn pa ní ìgboro Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ṣùgbọ́n Nwosu tó ṣètò ìbò náà, Ìgbò ni. Frank Kokori, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ epo jáde fún ìyanṣẹ́lódì ní ọdún 1994 tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́rin ní àhámọ́ nítorí rẹ̀, Urhobo ni. Olóyè Alfred Rewane, tó ń fi owó rẹ̀ ran ìjà náà lọ́wọ́, tí wọ́n sì wọlé pa ní Ìkẹjà ní ọdún 1995, Itsekiri ni. Ọ̀gágun Shehu Musa Yar'Adua, tó kú sẹ́wọ̀n ìjọba ológun Sani Abacha ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ọmọ Kàtsínà ni. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ẹ̀dùn Yorùbá nìkan ni June 12, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni a kọ́ ọ, ìdajì tó sì kù yẹn gan-an ni ó nílò láti lè bá àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù gbé pọ̀.

2. Ọ̀nà tí ọjọ́ náà gbà di ọjọ́ ìjọba tiwantiwa yẹ ní kíkọ́ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe àyájọ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ní ọdún 1999. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ wa kan, Èkó àti Ògùn lára wọn, ń ya June 12 sọ́tọ̀ láìdúró de Àbújá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé June 12 ni yóò rọ́pò rẹ̀, ó sì fi GCFR, oyè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, dá Abíọ́lá lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọdún 2019 ni a kọ́kọ́ ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó ti ṣe irú nǹkan yìí ṣáájú wa, lórí ọjọ́ kan náà gan-an. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1898, Emilio Aguinaldo kéde òmìnira ilẹ̀ Philippines kúrò lábẹ́ Spéìnì ní ìlú Kawit, wọ́n sì ta àsíá wọn níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò ka ìkéde náà sí. Kí ọdún náà tó parí, Spéìnì ti fa ilẹ̀ náà lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ fún mílíọ̀nù 20 dọ́là, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 1899, ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará Philippines àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fún wọn ní òmìnira ní ọdún 1946, ọjọ́ 4 oṣù keje, tó jẹ́ ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ni wọ́n yàn fún un. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Philippines fi ń ṣe àjọyọ̀ títí di ọdún 1962, tí Ààrẹ Diosdado Macapagal fi gbé e padà sí ọjọ́ 12 oṣù kẹfà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọra tó. Ọjọ́ 4 oṣù keje jẹ́ ọjọ́ tí alágbára yọ̀ǹda òmìnira, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà sì jẹ́ ọjọ́ tí àwọn tó ni ilẹ̀ kéde rẹ̀ fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún tiwa ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ológun yàn láti lọ, June 12 sì jẹ́ ọjọ́ tí ará ìlú to ìlà láti sọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ọmọ ọdún 12 lè lóye èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí olùkọ́ rẹ̀ bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Àmọ́ ìwé wo ni olùkọ́ náà yóò kà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n?

3. Ọjọ́ yìí kan náà so ìjà wa mọ́ ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú ní ibòmíràn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1964, ilé-ẹjọ́ kan ní Pretoria ní South Africa rán Nelson Mandela àti àwọn méje mìíràn ní ẹ̀wọ̀n gbére: Walter Sisulu, Govan Mbeki, Ahmed Kathrada, Denis Goldberg, Raymond Mhlaba, Elias Motsoaledi àti Andrew Mlangeni. Ẹ̀rù ìdájọ́ ikú ló ti ń ba àwọn ènìyàn wọn tẹ́lẹ̀. Méje lára wọn ni wọ́n kó lọ sí Erékùsù Robben. Goldberg, tó jẹ́ òyìnbó, ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Pretoria, nítorí pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò gbà kí funfun àti dúdú bára wọn ṣẹ̀wọ̀n, ìbáà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Láti àárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa yọ lára owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà sì dá owó, láti ran àwọn tó ń jà ní gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Ní ọdún 1978, Nàìjíríà kọ̀ láti lọ sí ìdíje eré ìdárayá Commonwealth ní Edmonton, nítorí àjọṣe eré ìdárayá tó wà láàárín New Zealand àti South Africa. Ní ọdún 1979, ìjọba wa gba ìpín ilé-iṣẹ́ epo BP nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn òbí àgbà àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ wà lára àwọn tó dá owó yẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1994, Mandela búra wọlé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba Nàìjíríà, tó ti ná owó àti ọlá rẹ̀ kí Mandela lè jáde, ti ẹni tí ará ìlú tirẹ̀ dìbò yàn mọ́lé. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ ọmọ nípa Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá tó wúwo ju kí a gbé ọjọ́ méjì wọ̀nyẹn síwájú rẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òru ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n yìnbọn lu Medgar Evers lẹ́yìn níwájú ilé rẹ̀ ní Jackson, ìpínlẹ̀ Mississippi. Ó ti jagun fún Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó padà délé ní ọdún 1946 ó fẹ́ dìbò, àwọn òyìnbó dìhámọ́ra lé e padà. Iṣẹ́ tó wá ń ṣe fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, títí wọ́n fi pa á, ara rẹ̀ ni kí ó máa ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ilé-ẹjọ́ tó dá ẹni tó pa á lẹ́bi, ní ọdún 1994. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó sọ pé ìbò kò jámọ́ nǹkan kan yẹ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn ènìyàn ti fi lélẹ̀ nítorí rẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, ní ilẹ̀ méjì tí òkun pín níyà.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà lórí ọjọ́ náà, irú bí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967 tó fòpin sí òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín dúdú àti funfun léèwọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù.

4. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù lọ nìyí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà náà ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, yà sọ́tọ̀ láti ọdún 2002 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń tako kíkó ọmọdé ṣiṣẹ́. Ìṣirò tí àjọ náà àti UNICEF gbé jáde fún ọdún 2024 fi hàn pé mílíọ̀nù 138 ọmọdé ló ṣì wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, pé mílíọ̀nù 54 lára wọn wà nínú iṣẹ́ tó lè pa wọ́n lára, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 87 wà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àwọn àdéhùn ILO lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo ń kọ̀wé sí yìí sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Kí ni àwa wá ń ṣe ní ọjọ́ náà? A ń ti ilé-ìwé. Ẹ lọ sí Òṣòdì, ẹ lọ sí Ìwó Road ní Ìbàdàn, ẹ lọ sí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ ìsinmi èyíkéyìí, kí ẹ wo àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti ẹ̀pà lórí. Ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì títí di ọ̀sán ni òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ yóò gbé igbá lé lórí láti àárọ̀, nítorí pé ìjọba ti sọ pé kò sí ilé-ìwé. Mi ò fẹ̀sùn kan òbí tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí ayé fi ń gbèjà ọmọdé bá wá di ọjọ́ tí ìkiri ọmọdé ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, tí kò sì sí kọmíṣọ́nnà kan tó sọ ọ́, ẹ̀bi náà ti kúrò lọ́rùn òbí nìkan. Òfin ìsinmi, lọ́wọ́ Àbújá ló wà. Ètò ohun tí ilé-ìwé ń ṣe kí ìsinmi tó dé àti nígbà tó bá dé, lọ́wọ́ yín ló wà.

5. Àwọn tó rí ọjọ́ náà ń lọ, a kò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní ọdún 1993 ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Àwọn tó jẹ́ àgbàlagbà nígbà náà, tí wọ́n jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ níbi ìdìbò, tí wọ́n fi àwọn oníròyìn tí ìjọba Abacha ń dọdẹ pamọ́ sínú ilé wọn, tí wọ́n sin àwọn ajìjàgbara gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Nwosu fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2024, Kokori kú ní ọdún 2023. Àwọn bàbá wa sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, nítorí àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá nílò ẹni tí yóò rọ́ ọ àti ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kú ní ìgboro tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 1993, nígbà tí ẹgbẹ́ Campaign for Democracy tí Dókítà Beko Ransome-Kuti darí pe ìwọ́de ní Èkó, àwọn sọ́jà yìnbọn fún àwọn ènìyàn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ròyìn pé àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. A mọ orúkọ Abíọ́lá, a fi sọ pápá ìṣeré àti òpópónà. Orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ìbọn bá ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ìdílé wọn mọ̀ wọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní ìdí kankan láti má mọ̀ wọ́n.

6. Ipò tí Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilé-ìwé ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ sí i. Fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, wọn kò kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gíríámà kékeré. Nígbà tí wọ́n dá a padà, olùkọ́ kò tó, ìwé kò sì tó. Gbogbo olùkọ́ ló sì mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìdánwò, díẹ̀ ni àwọn tí yóò wá àyè láti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ẹ jẹ́ kí kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú June 12 jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ lórí ọjọ́ náà, pẹ̀lú wákàtí méjì ó kéré tán fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti Prámárì 4 títí dé SS 2. Mo yọ SS 3 sílẹ̀ nítorí pé ìdánwò WAEC sábà máa ń ká wọn mọ́ ní àsìkò náà. Ìwọ́de ọmọ ilé-ìwé nínú oòrùn, kí wọ́n máa dúró de gómìnà, kò sí lára ohun tí mo ń béèrè.

Ẹ para pọ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Yorùbá tó ní àmì ohùn tó pé, kí ó sọ ìtàn ọdún 1993 sí 1998 àti àwọn ìtàn ibòmíràn tó bá a pín ọjọ́, kí orúkọ àwọn tí kì í ṣe Yorùbá nínú ìjà náà sì hàn níbẹ̀ kedere. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà lè pín ìnáwó rẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní Kwara àti Kogi pẹ̀lú.

Ẹ fi ìbéèrè kan ó kéré tán láti inú rẹ̀ sínú ìdánwò àṣejáde JSS 3 tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ẹ fún àwọn ọmọ JSS 2 ní iṣẹ́ àmúrelé kan lọ́dọọdún: kí oníkálùkù wá àgbàlagbà kan tó dìbò ní ọdún 1993, kí ó kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ tàbí kí ó gbà á sórí fóònù, kí ilé-ìwé sì kó o jọ sí ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀. Ọmọ ọdún 13 kò kéré sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1942, tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù kan, pé ọdún 13, ni wọ́n fún un ní ìwé tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ojú àwọn Júù rí lábẹ́ Hitler.

Ní pàtàkì sí Kọmíṣọ́nnà ti Èkó: ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ sọ̀rọ̀ kí ìjọba ṣí ìwé orúkọ sílẹ̀, níbi tí ìdílé àwọn tó kú ní oṣù keje ọdún 1993 ti lè wá forúkọ ènìyàn wọn sílẹ̀, kí a sì fi ohun tó bá jáde kọ́ àwọn ọmọ.

Ní ti ọjọ́ ìsinmi gan-an, ẹ ṣí gbọ̀ngàn àti pápá ilé-ìwé kan ó kéré tán ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọdé láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí oúnjẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọmọ tó bá wà níbẹ̀ kò ní sí láàárín ọkọ̀ ní Òṣòdì ní ọjọ́ náà.

Mo ti kọ tèmi ní gbangba. Mo ń retí èsì yín ní gbangba, kí kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Ìtàn kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́